Aṣọ Tí Kò Tíì Kan Omi

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

*Ibi kíkà:* Máàkù 2:18-22; Jẹ́nẹ́sísì 50:15-21

  

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni, ọ̀rọ̀ ẹbí sì ni.

Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gé aṣọ oríṣiríṣi sí wẹ́wẹ́, onígun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á rán wọn pọ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó ibùsùn. Wọ́n á wá tẹ́ aṣọ tó nípọn díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi òmíràn ṣe ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, láti àárín lọ sí etí, kí wọ́n lè di ọ̀kan.

Kí ló gbé ajíhìnrere dé ìdí abẹ́rẹ́? Màmá wa ló fà á. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pín aṣọ wọn, ìró mẹ́rin ló kàn mí: àdìrẹ kan, ankara ẹgbẹ́ méjì, àti ìró kan tí wọ́n máa ń ró lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Mo ní kí n má kàn tì wọ́n sínú àpótí kí kòkòrò jẹ wọ́n. Mo ní màá fi wọ́n ṣe aṣọ ìbora fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí í ṣe àkọ́bí Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Aṣọ yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ẹ̀bẹ̀ tí mi ò fẹ́ fi ẹnu bẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín aṣọ Màmá, mi ò sí nílé. Mo lọ síbi ìsọjí. Nígbà tí mo dé tí mo bá ìró mẹ́rin péré, inú bí mi. Níwájú àwọn àna wa, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹrù Màmá ló wù wọ́n, kì í ṣe Màmá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ta ló tọ́jú Màmá ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi dùbúlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni. Òun ló ń wẹ̀ fún Màmá, òun ló ń fọ aṣọ tí wọ́n bá bàjẹ́, òun ló ń ṣọ́ wọn lóru. Èmi ń wàásù káàkiri, mo ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí mo bá rí.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, pásítọ̀ pe àwa méjèèjì síwájú, wọ́n ní ká dì mọ́ra. A dì mọ́ra. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí.” Wọ́n ní, “Ó ti tán.” A jọ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìpè tí wọ́n máa ń pè mí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé dáwọ́ dúró.

*Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́*

Màmá aránṣọ kan ní àdúgbò wa ló gbà láti kọ́ mi. Iṣẹ́ náà ò rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Mo gé páálí ní ínǹṣì 6 lóòró àti níbùú, mo ń gbé e lé aṣọ, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Ìrépé 120 ni mo gé: 10 ní ìbú, 12 ní òòró. Wọ́n ní kí ojú rírán má jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrépé oní-ínǹṣì 6 á ku 5½, gbogbo aṣọ náà á sì fẹ̀ tó ínǹṣì 55, á gùn tó 66.

Lórí ìwé ló ti rọrùn. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n. Ibì kan á jẹ jù, ibì kan ò ní jẹ tó. Nígbà tí mo fi máa dé ìlà kẹta, igun ò pàdé igun mọ́. Mo gbé e lọ fún màmá aránṣọ. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na bíléèdì sí mi. Wọ́n ní, “Ajíhìnrere, ẹ tú u.” Mo tú u, mo tún un rán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú ìlà kẹta yẹn.

Títú kọ́ ló dùn mí jù. Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́. Ìró Màmá ti gbó, àárín wọn ti fẹ́lẹ́, ìrépé 60 péré ni mo rí gé lára wọn. Mo ra ankara tuntun, pupa fòò, fún 60 tó kù. Màmá aránṣọ bi mí pé, “Ajíhìnrere, ṣé ẹ ti rẹ aṣọ tuntun yìí sómi?” Mo ní rárá, ọjọ́ ìrántí Màmá ti sún mọ́lé. Wọ́n ní, “Òwú ni, ó máa sún kì o. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.” Mo ní kò sí wàhálà, Ọlọ́run á ṣe é.

Ṣé ẹ rí i bí a ṣe máa ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ìwàdùwàdù mọ́lẹ̀?

Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán an. Lọ́jọ́ ìrántí, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fọwọ́ pa àdìrẹ Màmá. Wọ́n ní, “O ṣeun.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n wá sílé mi pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti fọ aṣọ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ankara tuntun ti sún kì, ó sì ti fa ìró Màmá ya létí ojú rírán, níbi tó ju mẹ́wàá lọ. Pupa rẹ̀ ti ṣí, ó ti ta sára àdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ohun tó kù fún wa lára Màmá nìyí. Ṣé bó o ṣe fẹ́ kó rí nìyí?”

Àwíjàre ti dé orí ahọ́n mi. Mo fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹni tó ta ankara fún mi. Ẹsẹ Bíbélì kan ló pa mí lẹ́nu mọ́, ẹsẹ tí èmi fúnra mi ti wàásù lé lórí láìmọye ìgbà: Máàkù 2:21.

*Ohun tí Jésù mọ̀ nípa aṣọ*

Ẹ padà sí ibi kíkà wa. Àwọn kan bi Jésù léèrè ìdí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi gbààwẹ̀. Lára ohun tó fi dá wọn lóhùn ni òwe aṣọ: ẹnì kan kì í mú ìrépé aṣọ tuntun lẹ ẹ̀wù tó ti gbó, torí ìrépé yẹn á fa ẹ̀wù náà ya, yíya rẹ̀ á sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Máàkù lò fún aṣọ yẹn ni agnaphos. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni aṣọ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá sọ aṣọ kalẹ̀ lórí òfì, wọn kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e fún. Á rì í sómi, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó lè sún kì tán kó tó di pé wọ́n rán an. Ọṣẹ alágbàfọ̀ yìí náà ni wòlíì Málákì mẹ́nu bà ní orí 3, ẹsẹ 2, nígbà tó ń sọ bí ọjọ́ tí Olúwa bá dé ṣe máa rí.

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín o. Kì í ṣe ìjà ẹbí ni Jésù ń sọ ní Máàkù orí 2. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tuntun tí òun mú wá kì í ṣe ohun tí èèyàn máa lẹ̀ mọ́ ara ìsìn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà dúró lé jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo: àbùlẹ̀ tí kò tíì kan omi á dára lójú lọ́jọ́ tí wọ́n rán an. Ọjọ́ ìfọṣọ ni àṣírí rẹ̀ máa tú.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ìdì-mọ́ra tí mo ṣe níwájú ìjọ, ankara pupa ni. “Bí mo bá ṣẹ̀ yín.” Ẹ ò rí “bí” yẹn? Aṣọ tí kò tíì kan omi nìyẹn. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀. Àwọn àna wa mọ̀ pé mo ṣẹ̀. Síbẹ̀ mo fi “bí” sí i, kí n lè gba ìdáríjì láìjẹ́wọ́.

*Àwọn arákùnrin Jósẹ́fù*

Ẹ wo ìdílé Jékọ́bù. Ní Jẹ́nẹ́sísì 45, Jósẹ́fù fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀. Ó sunkún, ó fẹnu kò wọ́n lẹ́nu, ó fún wọn ní ilẹ̀, ó ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka orí náà. Bíbélì ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n sọ fún un pé, “A tà ọ́, a ṣẹ̀ ọ́.” Ní orí 42, wọ́n jẹ́wọ́ láàárín ara wọn, Jósẹ́fù sì gbọ́ ọ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọn ò tíì sọ ọ́ sí i lójú.

Ọdún 17 ni Jékọ́bù lò ní Íjíbítì kó tó kú. Ní gbogbo ọdún 17 yẹn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, àbùlẹ̀ náà dúró. Nígbà tó di orí 50, bàbá kú. Bí wọ́n ṣe sin ín tán báyìí, ẹ̀rù ba àwọn ọmọ. Wọ́n ní bóyá Jósẹ́fù ti ń dúró de ikú bàbá kó tó gbẹ̀san. Ibẹ̀ ni Bíbélì ti wá kọ ọ́ fún wa pé wọ́n tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà, ìránṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rán, wọ́n fi orúkọ bàbá wọn bẹ̀bẹ̀, kí àwọn fúnra wọn tó wá wólẹ̀. Nígbà tí Jósẹ́fù gbọ́ ọ, ó sunkún.

Ẹ̀yin ará, ikú òbí ni ọjọ́ ìfọṣọ nínú ẹbí. Gbogbo àbùlẹ̀ tí a ti fi ojú rere Bàbá àti Màmá rán pọ̀, ọjọ́ tí wọn ò bá sí mọ́ ni omi máa kàn án. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá tó ti ń rẹ́rìn-ín síra wọn fún ogún ọdún fi lè máa bára wọn lọ sí kóòtù nítorí yàrá méjì. Ìjà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ náà ni wọn ò rẹ sómi kí wọ́n tó rán an.

*Láìsí “bí”*

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Mo ṣẹ̀ yín. Mo parọ́ mọ́ yín níwájú àwọn àna wa. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú Màmá, èmi ò tọ́jú wọn. Ojú ara mi ló ń tì mí, mo wá di ẹ̀bi mi rù yín.”

Wọn ò dáhùn. Wọ́n jókòó, wọ́n sunkún, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọ́n fi aṣọ náà sílẹ̀. A ò dì mọ́ra lọ́jọ́ yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo pe àwọn àna wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni ohun tí mo sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi. Níwájú wọn ni mo ti ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, níwájú wọn náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Kò dùn ún ṣe, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ń pè ní ajíhìnrere.

Ó lé ní oṣù kan tí mi ò gbúròó ẹ̀gbọ́n mi. Ní àárọ̀ Sátidé kan, fóònù mi dún. “Ṣé o ti jí? Ṣé bíléèdì wà lọ́wọ́ ẹ? Mò ń bọ̀, ká tú aṣọ yẹn.”

A jọ tú u láti àárọ̀ di ọ̀sán. A ti ankara pupa bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bíi sobo. A dà á nù, a pọn òmíràn. Ìgbà karùn-ún ni omi tó mọ́. A sá a, a lọ̀ ọ́. A gé ibi tó ya kúrò lára ìró Màmá, a sọ ìrépé oní-ínǹṣì 6 di 4. Aṣọ náà kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò bo ibùsùn àgbà mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kéré jù ló ń fi bora báyìí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò ya. Ibi tí pupa ti ta sára àdìrẹ ò jáde o. A fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí a ti ń rán an lọ, mo ka ìtàn ìyá kan fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Harriet Powers ni wọ́n ń jẹ́. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí wọn sí ní Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1837. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, wọ́n fi ìrépé aṣọ ṣe aṣọ ìbora kan tó kún fún ìtàn Bíbélì, àwòrán 11 ló wà lójú rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ òwú ní ìlú Athens ní Georgia ní 1886. Nígbà tó yá tí ọwọ́ wọn rọlẹ̀, wọ́n tà á ní dọ́là 5 péré, wọ́n sì tún máa ń padà lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ló wà dòní. Kéènì tó pa àbúrò rẹ̀ Ábẹ́lì wà lára àwòrán náà. Ìrìbọmi Jésù nínú Jọ́dánì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìjà ọmọ ìyá àti omi, lórí aṣọ kan ṣoṣo.”

*Kí la rí kọ́?*

1. *Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó rán an.* Ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ yín ní orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kí ẹnì kejì dì mọ́ yín. Ẹ yọ “bí” kúrò. Nínú Mátíù 5:23-24, Jésù ní ká fi ọrẹ wa sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ná, ká lọ bá arákùnrin wa làjà, ká tó padà wá rú u. Ẹ̀bùn ò lè dípò ìjẹ́wọ́. Oṣù mẹ́rin abẹ́rẹ́ tèmi ò ṣe iṣẹ́ tí gbólóhùn kan ìbá ṣe.

2. *Ẹ má fa aṣọ tó ti gbó.* Ẹni tí a ṣẹ̀ ti fẹ́lẹ́ níbì kan. Ẹ má wàdùwàdù pè é síwájú ìjọ, ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì kan án lọ́rùn pé dandan ni kó rẹ́rìn-ín lónìí. Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ká fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ tán ká tó pàṣẹ ìdì-mọ́ra. Bí ìlòkulò bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ààbò ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ló ṣáájú.

3. *Ẹ má da ìrépé nù.* Lẹ́yìn tí Jésù bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní kí wọ́n kó èyí tó ṣẹ́kù jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò (Jòhánù 6:12). Bí ẹbí yín bá ti ya, ó lè má fẹ̀ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n lè wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, tí omi ti kàn, ó tó bo ọmọ kan lójú oorun.

*Iṣẹ́ òní:* Ta ni ẹ ti bá parí ìjà pẹ̀lú “bí mo bá ṣẹ̀”? Ẹ pe ẹni náà lónìí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe. Bí kò bá dáhùn, ẹ má bínú, ẹ fún un láyè.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tó o mọ ibi tí mo ti ya, tó o sì mọ ẹni tí mo fà ya, rì mí sómi rẹ. Yọ àwíjàre lẹ́nu mi. Fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti jẹ́wọ́ láìsí “bí”. Gbogbo ilé tí ikú òbí ti tú ká, Bàbá, tún wọn rán pọ̀ ní ọwọ́ ara rẹ. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá ẹnì kan tí ẹ mọ̀ mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín tí ẹ ṣẹ̀ ni, ẹ má fi àṣàrò yìí dípò ara yín. Ẹ pè é.